Ìrẹsì Tí Mo Fọ́n sí Àbàtà

Ara mi dá. Mo jí láàárọ̀ yìí, mo rìn dé oko, mo sì rìn padà láìgbé ọ̀pá. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé ibà ló ń da Sàlísù láàmú, tàbí pé ọjọ́ ogbó ló ń mú un sọ ìsọkúsọ. Ojú mi là kedere. Ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì láti ọyẹ́ èṣí ni mo fẹ́ pọ̀ sílẹ̀ báyìí, nítorí pé ó ti ń pa ẹlòmíràn lára ju bó ṣe ń pa èmi lára lọ. Èmi ni mo pa Wúlẹ̀mọ̀tù, ìyá Mubashir. Kì í ṣe Mubashir. Kì í sì í ṣe pé ọjọ́ rẹ̀ ló kàn pé, bí Lèmọ́mù wa ṣe sọ níbi fìdáù. Ẹ̀yin tí a jọ ń dáko ní àkùrọ̀ wa nítòsí Ibafo, ẹ̀yin ará Mowe tí ẹ ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ wa, ẹ̀yin àna Mubashir ní Ifo tí ẹ gba ọmọ yín kúrò nílé rẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. N kò kàwé kọjá kíláàsì kẹta. Mo mọ Yorùbá kọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má retí kí n fi ọ̀rọ̀ dárà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́, nítorí láti ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ mí, n kì í bá a jà. Inú ni mo máa ń gbé e sí. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, tíṣà kan nà mí níwájú gbogbo ọmọ nítorí pé ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi. Oko ni mo ti ń bọ̀, mo ti bá bàbá mi bomi rin ẹ̀fọ́ kí n tó wá. Mo gbé síléètì mi sílẹ̀, mo jáde, n kò sì padà mọ́. Bàbá mi nà mí, ìyá mi sunkún, n kò padà. Tíṣà yẹn wá di arúgbó sí àdúgbò wa, ọ̀nà kan náà la jọ ń gbà, n kò kí i lẹ́ẹ̀kan títí ó fi kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, mo gbé ọkọ́ mi, mo lọ sóko. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn láàárín ọ̀rẹ́. Mo máa ń sọ pé èmi kì í gbàgbé nǹkan. Ẹ ò rí ohun tí àgbàlagbà ń fi yangàn.

Àkùrọ̀ wa wà ní ìsàlẹ̀, níbi tí omi òjò máa ń ṣàn jọ sí kí ó tó wá ọ̀nà bọ́ sí odò Ògùn. Nígbà òjò, ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ ló ni ibẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, omi á fà sẹ́yìn, ilẹ̀ dúdú á yọrí, a ó sì kọ ebè sí i, a ó gbin tẹ̀tẹ̀, ata, ilá àti ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ojú kan wà láàárín tí kì í gbẹ, tí òṣíbàtà àti koríko gíga bò. Àbàtà yẹn ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ odò máa ń bà sí bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́. Kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ ilé tí ẹ mọ̀. Àwọn kan ga lẹ́sẹ̀, iwájú orí wọn funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún, wọ́n sì máa ń súfèé bí wọ́n bá ń fò. Àwọn kan kéré, akọ wọn ní ìlà funfun kan lókè ojú. Láti kékeré mi ni wọ́n ti ń wá. Nígbà náà, kò sí ẹni tó ń gé koríko àbàtà títí wọn yóò fi lọ. Ìyá mi á ní kí á fi àwọn àlejò sílẹ̀ kí wọ́n sinmi. Tí wọ́n bá ti lọ, a mọ̀ pé òjò ò jìnnà mọ́, gbogbo wa á wọlé lọ gé koríko náà, a ó fi bo ebè. Àwọn àbàtà yòókù láti Ibafo dé Mowe, àwọn tó ń kọ́ ẹ́sítéètì ti da yanrìn dí wọn, wọ́n ti kọ́lé sórí wọn. Tiwa nìkan ló kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹyẹ náà fi ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wa lọ́dọọdún, wọn kò ní ibòmíràn tí wọn yóò bà sí.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Dáníẹ́lì, tíṣà ni ní Mowe, onígbàgbọ́ ni. Ó máa ń wá pẹ̀lú awò kan tó ń fa ohun tó jìnnà wá sí iwájú ojú, á jókòó sínú koríko láti àárọ̀, á máa wo pẹ́pẹ́yẹ. A kọ́kọ́ rò pé nǹkan ń ṣe é. Òun ló sọ fún wa pé àwọn kéékèèké yẹn, ìlú tí omi ti ń dì gbagidi ni wọ́n ti ń bọ̀, pé wọ́n ń fò kọjá òkun àti aṣálẹ̀ kí wọ́n tó dé Ibafo. Ẹgbẹ́ kan tí ó wà nínú rẹ̀ wá bẹ àwa àgbẹ̀ pé kí á má dáko wọ inú àbàtà náà. Wọ́n ní àwọn yóò bá wa gbẹ́ kànga, àwọn yóò sì mú ẹnìkan láàárín wa tí yóò máa ṣọ́ ọ. Mubashir ni wọ́n mú. Ọ̀dọ́ ni, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn, ó gbọ́ òyìnbó díẹ̀. Ìgbà yẹn, ìrẹsì mi ti dé etí àbàtà náà gan-an, mo sì ti ń fọkàn sí i pé tó bá di ọdún tó tẹ̀ lé e, n óò sún wọnú rẹ̀. Mo wá gbọ́ pé ẹyẹ ni wọ́n fún ní ilẹ̀ tí mo ń wò.

Síbẹ̀, ilẹ̀ kọ́ ló mú mi ṣe é. Ẹ̀rín ni. Nígbà tí ọyẹ́ èṣí bẹ̀rẹ̀, mo fọ́n ìrẹsì, àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà sì wọ inú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ṣà á jẹ. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo pàdé Mubashir níwájú mọ́sálásí, mo ní, “Mubashir, àwọn ẹran ọ̀sìn rẹ ti jẹ mí lóko.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá Nurat, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ fi ààlà hàn wọ́n ná, bóyá wọn ò mọ̀ ni.” Mo ní, “Ṣé èmi lò ń bá ṣeré?” Ó ní, “Èmi kẹ̀? Ẹ̀rù yín ń bà mí o. Àmọ́ ẹ rọra o, Bàbá, àwọn ẹyẹ yìí ti rìn jìnnà. Wọ́n kọjá òkun, wọ́n kọjá aṣálẹ̀. Ẹ̀yin ò tíì kọjá kíláàsì kẹta.” Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Lèmọ́mù pàápàá fọwọ́ bo ẹnu. Mubashir dọ̀bálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú o, Bàbá mi, àwàdà ni.” Mo ní kò sí wàhálà. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa nínú wọn, ẹ̀rín mi yẹn ló yẹ kó bà á lẹ́rù.

Wúlẹ̀mọ̀tù gbọ́. Ó wá bá mi nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ dání. Ó jù mí lọ, orúkọ ló ń pè mí, èmi ni mo ń pè é ní Ìyá Mubashir. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti fi mí sílẹ̀, kò sí oúnjẹ tó bá sè tí kì í bu tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Sàlísù, mo ti bá ọmọ yẹn wí. Ẹnu rẹ̀ gbẹ jù. Jọ̀wọ́, má gbé e sínú, mo mọ̀ ẹ́.” Mo ní, “Ìyá Mubashir, ọ̀rọ̀ ti tán.” Mo jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà, mo sì fọ abọ́ rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ kò tán. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ ni mo ń ronú ohun tí n óò fi ọmọ rẹ̀ ṣe.

N kò ní sọ pé ṣàìtánì ló tì mí, nítorí pé mo fara balẹ̀ rò ó. Mo rò ó pé bí àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà bá kú lójú Mubashir, àwọn Dáníẹ́lì yóò sọ pé kò mọ̀ ọ́n ṣọ́, wọn yóò kó ọ̀rọ̀ wọn lọ, àbàtà náà yóò sì di ilẹ̀ oko. Mo tún rò ó pé kò sí ènìyàn kan tí yóò fara pa. Mùsùlùmí ni gbogbo àwa tí a wà ní àkùrọ̀ yẹn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí a bá ẹyẹ tó ti kú, òkúǹbete ni, kò sí ẹni tó máa fi kan ẹnu. Ajá pàápàá, a ò ní. Ẹ̀sìn Ọlọ́run ni mo fi tu ara mi lára kí n tó ṣe ibi.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ṣe é. Mo ní inú ń run mí, n kò lè dé mọ́sálásí. Nígbà tí gbogbo ọkùnrin lọ tán, mo da òògùn tí a fi ń pa kòkòrò ẹ̀fọ́ sára ìrẹsì, mo wọ bàtà òjò, mo ń fọ́n ọn lọ ní etí omi, níbi tí mo mọ̀ pé wọ́n ti máa ń jẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn Lèmọ́mù láti inú gbohùngbohùn. N kò lè sọ ohun tó wáàsí lé lórí, etí mi kò sí níbẹ̀. Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣahun. Òògùn náà wọ́n lọ́jà, mo sì fẹ́ kí ó ṣẹ́kù fún ata mi, nítorí náà n kò dà á tó ohun tí yóò pa wọ́n pátápátá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ká ní mo lawọ́ ni, òkú ẹyẹ ni wọn ìbá bá, Wúlẹ̀mọ̀tù ìbá sì wà láyé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣe bí ẹni ń lọ wo ìrẹsì mi. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà kò kú. Àwọn mélòó kan ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nínú koríko, wọ́n ń ṣe bí ẹni fẹ́ fò, apá wọn kò gbé wọn. Wúlẹ̀mọ̀tù ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi pẹ̀lú àwọn obìnrin méjì tó ń já ẹ̀fọ́. Mubashir kò sí nílé. Òun, Lateefah ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ti lọ sí Ifo níbi tí àwọn àna rẹ̀ ti ń sọmọlórúkọ. Ká ní Mubashir wà nílé ni, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan wọn. Wúlẹ̀mọ̀tù rí mi, ó ní, “Ọlọ́run ló rán ẹ wá, Sàlísù. Ọyẹ́ àná mà le o, ó ti mú àwọn ẹyẹ wọ̀nyí. Tètè wá bá wa dú wọn kí ẹ̀mí tó bọ́ lára wọn, kí wọ́n má di òkúǹbete mọ́ wa lọ́wọ́.” Ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹran tó bá fẹ́ kú mọ́ni lọ́wọ́, a óò sáré dú u kí ó lè jẹ́ hàláálì, kí ohun tí Ọlọ́run pèsè má baà ṣòfò. Gbogbo ọgbọ́n tí mo ti dá, orí ẹyẹ tó ti kú ni mo gbé e lé, n kò rò ó kan ẹyẹ tó ń kú lọ tí kò tíì kú.

Mo ní, “Ìyá Mubashir, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹyẹ àwọn Dáníẹ́lì ni.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé ìwọ náà ti di ọlọ́dẹ pẹ́pẹ́yẹ? Ṣebí ìwọ lò ń sunkún ìrẹsì. Kí Mubashir tó dé, ọbẹ̀ ti jinná.” Mo dúró. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo dúró pẹ́ tó láti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé májèlé ni, ó máa ní ta ló sọ fún ẹ. Mo gba ọ̀bẹ. Mo kọjú wọn sí ìlà-oòrùn, mo ní Bísímílàhi, Alláhù Akíbárù, mo dú èkíní. Mo dú gbogbo èyí tí wọ́n gbé wá. Orúkọ Ọlọ́run ni mo fi bo májèlé tí mo fọwọ́ ara mi pò. Nígbà tí Wúlẹ̀mọ̀tù ń tú inú wọn, ó la iwe ọ̀kan, ìrẹsì wà níbẹ̀. Ó gbé e sókè, ó ní, “Sàlísù, wo ìrẹsì rẹ. Wọn ò tíì lọ̀ ọ́ tán. Jẹ́ kí n bá ẹ gbà á padà lẹ́nu wọn.” Àwọn obìnrin yòókù ń rẹ́rìn-ín. Iwe àti ẹ̀dọ̀ ni ó fẹ́ràn jù nínú ẹyẹ, nítorí eyín rẹ̀ tó ti ń mì ó máa ń sè é rọ̀. Ó pín ẹran fún àwọn yòókù, ó kó iwe àti ẹ̀dọ̀ sínú ìkòkò tirẹ̀.

Ó bu ọbẹ̀ wá fún mi. Mo dà á sẹ́yìn ilé, mo fi ewé bò ó, mo fọ abọ́ náà, mo gbé e padà fún un. Ó ní, “Ṣé ó dùn?” Mo ní, “Ó dùn gan-an.” Ó ti jẹ tirẹ̀ nígbà náà, ó ń pọ́n ẹnu lá.

Kó tó di ọ̀sán, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ kò gbé ìmọ́lẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn obìnrin yòókù ń bì, ṣùgbọ́n tiwọn kò le tó tirẹ̀. A gbé e sínú kẹ̀kẹ́ márúwá, mo jókòó tì í lẹ́yìn, mo di orí rẹ̀ mú mọ́ àyà mi títí a fi dé ọsibítù kan ní Mowe. Lọ́nà, ó ń wá ojú mi. Ó ní, “Sàlísù, ìwọ ńkọ́? O jẹ níbẹ̀. Ṣé inú kò run ẹ́?” Mo ní, “Ó ń run mí díẹ̀.” Ó ní, “Má dákẹ́ o. Ní kí wọ́n tọ́jú ìwọ náà.” Ẹ̀mí rẹ̀ ń lọ, inú tèmi tí kò sí ohun tó ṣe é ló ń rò.

Mo ti sọ pé mo dú wọn. Ẹ ó rò pé ìyẹn ló burú jù. Rárá. Dókítà tó gbà á, obìnrin ni, kò dàgbà tó Nurat ọmọ mi. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Bàbá, ó jọ májèlé. Bí ẹ bá mọ ohun tó wọ inú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kíákíá. Òògùn kọ̀ọ̀kan ní ohun tí a fi ń pa agbára rẹ̀, n kò fẹ́ máa méfò.” Ìgò òògùn náà wà nílé mi, mo mọ orúkọ rẹ̀, àwòrán kòkòrò tó wà lára rẹ̀ wà lójú mi bí mo ṣe ń wo dókítà náà. Àwọn ará wa mẹ́ta ti dé, wọ́n sì ń gbọ́ wa. Mo ní, “Ẹran ẹyẹ ló jẹ, n kò mọ ohun mìíràn.” Ó tún bi mí. Mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù kú kí oòrùn tó wọ̀. Bóyá ìbá kú náà, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀ fún un, mo sì dúró sí ẹnu rẹ̀, mo dí i.

A jókòó sórí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn tí wọ́n sin ín. Àwọn ènìyàn ti ń sọ pé ẹni tó ń ṣọ́ ẹyẹ ló mọ ibi tí ẹyẹ ń jẹ̀, pé bóyá Mubashir ló fún wọn ní májèlé kí ó lè kó ẹran wọn lọ tà fún àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ní títì, kò sì rántí kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀. Lèmọ́mù bi mí, nítorí pé èmi ni oko mi sún mọ́ ibẹ̀ jù. Ó ní, “Sàlísù, ṣé o rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀?” Mo ní, “N kò rí ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé ọwọ́ Mubashir ni kọ́kọ́rọ́ yàrá tí a ń kó òògùn oko sí máa ń wà.” Òótọ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ náà wà. Irọ́ tí wọ́n fi òótọ́ ṣe nìyẹn. Mubashir gbójú sókè wò mí. Wọ́n ní kí ó má dáko ní àkùrọ̀ mọ́. Àwọn àna rẹ̀ wá mú Lateefah àti àwọn ọmọ lọ sí Ifo. Ó kó lọ sí Oke-Aro, ó ń yọ bulọ́ọ̀kù níbẹ̀. Àwọn Dáníẹ́lì kó awò wọn lọ. Àwa àgbẹ̀ sì fohùn ṣọ̀kan pé kí èmi máa dáko nínú àbàtà náà, nítorí pé mo ti ṣe wàhálà púpọ̀ lórí ìyá Mubashir. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo gé koríko, mo gbẹ́ ojú omi kí ó fà, mo ṣá òṣíbàtà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gbin ìrẹsì. Ọyẹ́ tún ti dé lọ́dún yìí. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà wá ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo gbọ́ súfèé wọn kí n tó rí wọn. Wọ́n yí àkùrọ̀ po, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n tún gòkè, wọ́n gba ọ̀nà odò Ògùn lọ. N kò mọ ibi tí wọ́n sùn. Mo dúró láàárín ìrẹsì mi, ó yẹ kí inú mi dùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Mubashir wá bá mi lóko. Ó ti rù, símẹ́ǹtì wà ní èékánná rẹ̀. Mo rò pé ó ti mọ̀, mo di ọkọ́ mú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. Ó ní, “Bàbá, mo ti rò ó, mo ti rò ó. Èmi ni. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, mo fín òògùn sí tẹ̀tẹ̀ mi, mo wá fọ pọ́ǹpù nínú omi tó ń ṣàn lọ sí àbàtà. Mo máa ń sọ fún gbogbo yín pé ẹ má fọ pọ́ǹpù níbẹ̀. Mò ń kánjú láti múra Ifo ni. Èmi ni mo pa ìyá mi, Bàbá.” Mo gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ di orí rẹ̀ mú. Ṣé ó dárúkọ mi? Ṣé ó bínú sí mi?” Mo ní, “Kò bínú.” Ó ní, “Láti ìgbà yẹn, n kò tíì lè ṣe àdúà fún un. Bí mo bá gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ yìí náà ni mo máa ń rí pẹ̀lú pọ́ǹpù. Mo máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ ni. Ta ló máa bá mi bẹ Ọlọ́run fún un? Èmi nìkan ló bí.”

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún un. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní, “Ọlọ́run yóò forí jì ẹ́. Èmi náà ti forí jì ẹ́.” Ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń dúpẹ́. Ó dúpẹ́ títí ó fi dé ojú ọ̀nà.

N kò lè gbé e mọ́. Gbogbo èyí tí mo ti ṣe, mo gbé e, mo sùn, mo jẹun. Èyí tí mo fi dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀ kò gbà mí láyè. Wúlẹ̀mọ̀tù ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà láyé, kò sì rí àdúà gbà láti ẹnu ọmọ náà, nítorí tèmi. Lẹ́yìn tí mo gba ẹ̀mí rẹ̀, mo tún gba ohun tó kù fún un ní sàréè. Mo pe Nurat lórí fóònù ní Èkó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wá ní, “Bàbá, ṣé ẹ ti sọ fún Bùrọ̀dá Mubashir?” Mo ní rárá, àgọ́ ọlọ́pàá ni mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ. Ó ní, “Àwọn ọlọ́pàá lè dúró. Òun ni kí ẹ sọ fún.” Ó pa fóònù, kò tíì pè mí padà, n kò sì bínú sí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá ka èyí, bí ẹnìkan bá fi yín ṣe ẹlẹ́yà, ẹ bá a jà lọ́jọ́ náà. Ẹ pariwo. Ẹ sọ fún un pé ó dùn yín, kí ojú tì yín, kí ó kọjá. Ẹ má rẹ́rìn-ín bí tèmi, kí ẹ wá lọ máa bọ́ ìbínú náà nínú ilé. Ẹ̀yin ará àkùrọ̀, ẹ gba ilẹ̀ yín lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ kí koríko hù padà sí àbàtà náà. Ẹ̀yin àna Mubashir, ẹ dá Lateefah àti àwọn ọmọ padà fún un. Èyí tí òfin bá fẹ́ fi mí ṣe, n kò ní bá a jiyàn. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lọ́la, n óò dìde níwájú gbogbo yín, n óò sọ ọ́ lẹ́nu mi, lẹ́yìn náà n óò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ṣùgbọ́n lónìí, Oke-Aro ni mò ń lọ. Mubashir, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ tí ẹnu mi kò bá gbà á sọ, èyí ni n óò nà sí ọ kí o kà. Omi pọ́ǹpù rẹ kò pa ẹnikẹ́ni. Ìrẹsì mi ni. Mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, mo sì mọ̀ pé o lè má fún mi títí n óò fi kú. N kò ní kí o yára. Èyí tó ń kánjú ni ti ìyá rẹ. Fọ símẹ́ǹtì ọwọ́ rẹ, ṣe àlùwàlá, kí o gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọwọ́ rẹ mọ́. Ìyá rẹ ti ń dúró dè ọ́ láti ọyẹ́ èṣí.